Gijubhai Badheka: Lọ́yà Tó Di Apàlọ́

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òǹkọ̀wé, àti ẹ̀yin òbí tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbí, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó kọ̀wé fún ọmọdé nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì fún mi láyè kí n mú ẹni tó bá wù mí. Bóyá ni ẹni márùn-ún nínú yàrá yìí ti gbọ́ orúkọ ẹni tí mo mú rí. Ṣùgbọ́n ní Gujarat, ní apá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ṣàṣà ọmọ tó ń sọ èdè Gujarati ni kò gbọ́ àlọ́ rẹ̀ lẹ́nu ìyá tàbí olùkọ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ayé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pa ọ̀kan nínú àlọ́ náà fún yín, torí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó kú kò tíì pàdé rẹ̀.

Ọkùnrin Bráámínì kan wà, ìyẹn ìran àwọn àlùfáà Híńdù, Dala Tarvadi lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn ìkàn bí ojú. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí ọkọ òun lọ bá òun wá ìkàn. Dala dé oko kan, kò bá olóko. Ta ni kó wá tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní bí olóko ò bá sí, ṣebí oko wà. Ló bá ké sí i: "Oko o, oko!" Oko ò fọhùn. Dala yí ohùn padà, ó dá ara rẹ̀ lóhùn: "Kí ló dé, Dala Tarvadi?" "Ṣé kí n ká ìkàn méjì, mẹ́rin?" "Ká mẹ́wàá, ká méjìlá!" Ó ká a, ó gbalé lọ. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, títí ìkàn fi ń tán lóko. Vasharam tó ni oko wá fara pamọ́ lọ́jọ́ kan, ó sì gbọ́ gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Dala àti oko. Ó mú un, ó so okùn mọ́ ọn, ó gbé e dé ẹnu kànga. Òun náà wá ké pe kànga: "Kànga o, kànga!" "Kí ló dé, Vasharam?" "Ṣé kí n rì í bọ omi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹrin?" "Rì í lẹ́ẹ̀mẹwàá, rì í lẹ́ẹ̀mejìlá!"

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ohun tí Gijubhai ń fẹ́ nìyẹn. Dala bẹ̀bẹ̀, wọ́n fà á jáde, àlọ́ parí. Kò sí ìlà kankan nísàlẹ̀ tó ní "àlọ́ yìí kọ́ wa pé." Àwa tí à ń kọ̀wé ọmọdé lédè Yorùbá mọ ìlà yẹn dáadáa, ọ̀pọ̀ wa ni kì í rí oorun sùn bí a ò bá kọ ọ́. Ọkùnrin yìí rí oorun sùn. Ohun tó jẹ́ kó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí: ẹnu ni ó ń kọ̀wé fún. Gbogbo ohun tó fi sínú ìwé, ó fi síbẹ̀ kí ẹnì kan lè gbé e jáde padà níwájú àwọn ọmọ tó jókòó yí i ká.

Girijashankar Bhagwanji Badheka ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n Gijubhai ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1885 ní Chital, ní agbègbè Saurashtra, ìlú Bhavnagar ló sì dàgbà sí. Ọba kékeré kan ló ń ṣàkóso Bhavnagar nígbà náà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú ẹ̀kọ́ ni: ibẹ̀ ni Gandhi ti ṣe sáà kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Samaldas ní 1888 kó tó wọkọ̀ lọ sí London. Ní 1907, Gijubhai lọ wá iṣẹ́ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Gujarat ṣe ń ṣe. Ọ̀nà òkun láti etíkun wọn sí Mombasa àti Zanzibar ti pẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀. Ní 1909, ó padà sílé, ó lọ kọ́ iṣẹ́ òfin ní Bombay, ó sì di lọ́yà ní Wadhwan. Bí kò bá sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ì bá parí sí, a ò sì ní gbúròó rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó bímọ. Ní 1913, ìyàwó rẹ̀ bí Narendra, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí wo ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà yóò lọ. Ohun tó rí kò dùn mọ́ ọn. Ẹgba ni, àkọ́sórí ni, ọmọ á jókòó gbagidi, olùkọ́ á máa pariwo lé e lórí. Motibhai Amin, ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìkàwé àti ẹ̀kọ́ ní Vaso, ló fi ìwé Maria Montessori hàn án. Dókítà obìnrin ará Ítálì ni Montessori, ó sì ti ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù ní 1907, ọdún kan náà tí Gijubhai ń wọkọ̀ lọ sí Áfíríkà. Lọ́yà ka ìwé náà, ìwé sì mú un lọ.

Ní 1916, ó fi ẹ̀wù lọ́yà kọ́, ó darapọ̀ mọ́ Dakshinamurti, ilé-ẹ̀kọ́ tí Nanabhai Bhatt dá sílẹ̀ ní Bhavnagar ní 1910. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ohun tí òun ń wá ti lọ lára wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ló bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní 1920, ó ṣí Balmandir, ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ẹ́ lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n kọ́ ilé fún un lórí òkè kan nítòsí tẹ́ńpìlì Takhteshwar, Kasturba, ìyàwó Gandhi, ló sì ṣí i. Ẹ fọkàn yàwòrán ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan, onírunmú ńlá, tó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀. "Ìyá onírunmú" ni àwọn èèyàn ń pè é. Orúkọ náà mọ́ ọn lára dòní.

Níbẹ̀ ni ìṣòro ti dé. Ilé wà, ọmọ wà, àwọn igi àti àgbá tí Montessori ṣètò fún ìkọ́ni wà, ṣùgbọ́n ìwé wo ni wọn yóò kà? Èdè Gujarati ní lítíréṣọ̀ tó ti pẹ́, ó ní akéwì, ó ní ìwé ẹ̀sìn, ó sì ní ìwé ìròyìn. Ti ọmọ ọdún mẹ́rin ni kò sí. Ìwé tí ìjọba ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ le bí òkúta. Gijubhai ò dúró de ẹnikẹ́ni. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ bá àwọn tó ní ìtàn lẹ́nu: àwọn ìyá àgbà, àwọn ará oko, àwọn tó ń kọrin lójú pópó. Ohun tí wọ́n rí gbọ́, ó tún un sọ, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí ọmọ lè dì mú. Wọ́n máa ń sọ pé ìwé rẹ̀, ti ọmọdé àti ti àgbà pa pọ̀, tó nǹkan bíi 200. Ní 1929, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Ranjitram, èyí tó ga jù nínú lítíréṣọ̀ Gujarati. Jhaverchand Meghani, ẹni tó kó ìtàn àwọn akọni Saurashtra jọ, ló gbà á ṣáájú rẹ̀ ní 1928. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ náà nìyẹn, ẹnu àwọn ará ilé ni àwọn méjèèjì ti lọ kó ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí bí àlọ́ rẹ̀ ṣe ń rìn. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú. Kì í ṣàpèjúwe igi tàbí oòrùn. Bí igi bá wà nínú àlọ́, iṣẹ́ ni igi náà wá ṣe. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ìlà orin kan á sì máa padà wá, tí ọmọ tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì á fi máa bá apàlọ́ gbé e. Àlọ́ ẹyẹ ìwò kan wà tí ọba bínú sí. Ọba ní kí wọ́n lọ jù ú sí àbàtà kó lè kú sínú ẹrẹ̀. Ìwò dé inú ẹrẹ̀, ó ń kọrin pé òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀. Wọ́n jù ú sí kànga, ó ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Wọ́n jù ú sínú ẹ̀gún, ó ní wọ́n ń bá òun lu etí. Bí ìyà ṣe ń le sí i ni orin ń dùn sí i, títí ó fi sú ọba. Ìgbà tó ń pa irú àlọ́ yìí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ju àwọn ọmọ Íńdíà sẹ́wọ̀n. Mi ò sọ pé ó pa á nítorí ìyẹn o, torí ìwò ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn tipẹ́, ṣùgbọ́n àgbà tó ń kà á fún ọmọ rẹ̀ lọ́dún 1930 kò ṣàì rẹ́rìn-ín sínú.

Òmíràn wà tí yóò ya yín lẹ́nu: ọba kan tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ọkà. Onígbàjámọ̀ tó ń fá irun rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọba ní bó bá sọ fún ẹnikẹ́ni, orí rẹ̀ á kúrò lọ́rùn rẹ̀. Inú onígbàjámọ̀ ò gba ọ̀rọ̀, ó lọ sọ ọ́ fún igi. Wọ́n gé igi, wọ́n fi gbẹ́ gòjé àti ìlù, ìlù àti gòjé sì tú àṣírí ọba níwájú gbogbo ìlú. Mo rí àwọn tó ń mi orí lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Àwa náà ní ọba tó hu ìwo, àwa náà ní onígbàjámọ̀ tó lọ gbẹ́ ilẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà ní tiwọn. Bí àlọ́ ṣe rìn tó báyìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ni kí ẹ bi. Ohun tó kàn mí ni pé Gijubhai fi í sínú ìwé ọmọdé gẹ́gẹ́ bí ìlù ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ìró ìlù náà, láìsọ ọ́ di ìwàásù nípa bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́.

Ó ní ìwé kan tí kò kọ fún ọmọdé rárá, Varta nu Shastra, tó jáde ní 1925, lórí bí a ṣe ń pa àlọ́ àti ìdí tí a fi ń pa á. Àwọn olùkọ́ ló kọ ọ́ fún. Ó gbà pé ayọ̀ ni àkọ́kọ́ nínú àlọ́. Bí ìwà bá ti inú rẹ̀ tún ṣe, ó dáa; bí èdè bá ti inú rẹ̀ gún, ó dáa; ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pa àlọ́ kó lè fi bo pàṣán mọ́lẹ̀, ọmọ á rí pàṣán náà. Ó jíròrò irú àlọ́ tó yẹ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, ó jíròrò ohùn àti ìdúró apàlọ́. Àgbà mélòó ló jókòó kọ odindi ìwé lórí ohun tí ìyá àgbà ń ṣe lálaalẹ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì?

Ibí yìí sì ni òun àti ọ̀gá rẹ̀ ti yà. Montessori ò fẹ́ àlọ́ iwin àti ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ kékeré. Ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lóòótọ́ ná. Gijubhai, ẹni tó tún kọ odindi ìwé lédè Gujarati lórí ọ̀nà Montessori ní 1927, kò gbọ́ tibẹ̀ yẹn. Ó gba ọbẹ̀ obìnrin ará Ítálì náà, ó sì fi ata ilé sí i: àlọ́, orin ìbílẹ̀, eré ìtàgé, ijó. Mo fẹ́ràn èyí lára rẹ̀ ju ohun gbogbo lọ. Ọ̀pọ̀ wa tó ń gba ọ̀nà ìkọ́ni láti òkè òkun máa ń gbà á tìdí-tìdí, pẹ̀lú orin inú rẹ̀, pẹ̀lú èso inú rẹ̀ tí kì í hù lọ́dọ̀ wa.

Ìwé rẹ̀ tó lọ jìnnà jù ni Divaswapna, àlá ojú ọ̀sán, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè Íńdíà àti sí Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìtàn inú rẹ̀, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Lakshmiram lọ bá ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ó ní kó fún òun ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ kan fún ọdún kan ṣoṣo, òun fẹ́ dán nǹkan wò. Ọ̀gá ní kò burú, ṣùgbọ́n ìdánwò ìparí ọdún ò ní yẹ̀. Lakshmiram ti kàwé, ó ti kọ gbogbo ètò sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí àwọn ọmọ ṣe eré ìdákẹ́jẹ́ẹ́, irú èyí tí Montessori ń ṣe. Ó ti fèrèsé. Ọ̀kan figbe ta, òmíràn pàtẹ́wọ́, gbogbo kíláàsì dàrú. Ètò orí ìwé fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, hẹdimásítà sì pè é bá wí. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó, ó ní: ọba kan wà, ó ní ayaba méje. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Àlọ́ náà gùn dé ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí aago sì lù kí wọ́n máa relé, wọn ò fẹ́ lọ.

Láti ibẹ̀, ó ń fi àlọ́ fa ohun gbogbo wọlé. Ó ní kí wọ́n má ra ìwé ẹ̀kọ́ ọdún náà, kí wọ́n mú owó rẹ̀ wá, ó sì fi ra ìwé ìtàn tí gbogbo kíláàsì ń pín kà. Bàbá ọmọ kan bínú wá bá a. Lakshmiram wo èékánná àwọn ọmọ, ó wo fìlà tó ti dọ̀tí àti bọ́tìnnì tó já, ó sì fi ìmọ́tótó ṣe iṣẹ́ kíláàsì kí ó tó kan ìṣirò. Àwọn olùkọ́ yòókù ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: eré ni tirẹ̀, àwa là ń kọ́ni. Bí ẹ bá ti kọ́ ọmọ rí, ẹ ti gbọ́ ohùn yẹn nínú yàrá àwọn olùkọ́.

Èrò tèmi ni pé ìdajì àkọ́kọ́ ìwé náà lágbára ju ìdajì kejì lọ. Ọjọ́ tí ètò dàrú yẹn, ẹni tó ti dúró níwájú ọmọ nìkan ló lè kọ ọ́. Ní ìparí, nǹkan gún jù. Ọ̀gá yọ̀, wọ́n gbóríyìn, owó ẹ̀bùn sì di ti ìwé kíláàsì. Mi ò gbà á gbọ́ tán. Àmọ́ ó ti sọ fún wa láti orí èèpo ìwé pé àlá ni.

Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú rẹ̀. Nígbà tí ìjà òmìnira gbóná ní 1930, ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ tó sá kúrò lábúlé wọn nítorí pé wọn kò san owó-orí fún Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń bá àwọn ọmọ wọn gbé ní àgọ́. Gandhi mọ̀ ọ́n, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí àwọn ará Gujarat mọ̀ jù lọ kò ní òṣèlú nínú: ó ń béèrè bí ara ṣe lè rọ òun nígbà tí wọ́n ṣì ń na ọmọ nílé, tí wọ́n sì ń bú ọmọ nílé-ẹ̀kọ́.

Ẹni tó yẹ kí a máa dárúkọ pọ̀ mọ́ tirẹ̀, tí a kì í sábà dárúkọ, ni Tarabai Modak. Obìnrin ará Bombay ni, èdè Marathi ló ń sọ. Ó fi ipò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin sílẹ̀ ní Rajkot, ó wá bá Gijubhai ní Bhavnagar. Àwọn méjèèjì ló dá ẹgbẹ́ Nutan Bal Shikshan Sangh sílẹ̀ ní 1926, wọ́n sì jọ ń ṣe ìwé ìròyìn fún àwọn òbí àti olùkọ́. Ohun tí Tarabai ṣe lẹ́yìn náà fi ibi tí iṣẹ́ Gijubhai kù sí hàn wá. Ọmọ àwọn ará ìlú tó rí jájẹ díẹ̀ ló pọ̀ jù ní Balmandir, ohun èlò Montessori sì wọ́n. Tarabai gbé iṣẹ́ náà lọ sí Bordi àti Kosbad, sáàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ń gbé inú igbó àti oko, ó ń fi òkúta, ewé àti èso kọ́ wọn, ó sì ń lọ bá wọn ní àgbàlá ilé wọn. Nígbà tí ìjọba Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú ọmọdé ní 1975, tí wọ́n pe ibùdó rẹ̀ ní anganwadi, ohun tí Tarabai ti ń ṣe ní àgbàlá àwọn ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀.

Àlọ́ Gijubhai náà ní àbùkù tirẹ̀. Bráámínì inú rẹ̀ ni ọ̀jẹun, onígbàjámọ̀ ni aláròyé, obìnrin ló sì sábà ń rán ọkọ níṣẹ́ tó ń kó bá a. Ẹnu àwọn àgbà ló ti gbà á bẹ́ẹ̀, kò sì fọ̀ ọ́. Àwọn kan lónìí ní kí a máa tún un ṣe kí a tó kà á fún ọmọ. Èmi ò ní tún un ṣe. Mo máa ń yan èyí tí mo fẹ́ pa, mo sì máa ń fi èyí tí mi ò fẹ́ sílẹ̀, bí gbogbo apàlọ́ ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

Ó kúrò ní Dakshinamurti ní 1936. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1939, ó kú ní Bombay, ẹni ọdún 53. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà ni Maria Montessori fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Íńdíà, ó sì lo ogun àgbáyé kejì tán níbẹ̀. Wọn ò bá ara wọn jiyàn lórí àlọ́ lójúkojú. Ì bá wù mí kí n gbọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀, lítíréṣọ̀ ọmọdé Gujarat gbilẹ̀: Hariprasad Vyas dá ewúrẹ́ kan tó ń wọṣọ bí ọlọ́jà sílẹ̀, Bakor Patel, Jivram Joshi dá Miya Phuski tí ojora ń mú sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí Gijubhai, ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, ni wọ́n sì fi ń ṣe ọjọ́ àlọ́ ọmọdé ní Gujarat.

Kí n tó fún yín láyè láti béèrè ìbéèrè, ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, torí mo mọ̀ pé àwọn atẹ̀wé wà níbí. Ó ti lé ní ọdún 80 tó ti kú. Ẹ̀tọ́ orí ìwé tó fi èdè Gujarati kọ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Íńdíà, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ wa. Ti àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lè má tíì kásẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe jókòó ti ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ máa dà á kọ. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Gujarati. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń kọ́ni ní London tàbí Leicester, àwọn ọmọ Gujarat pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì gba Ìlà-Oòrùn Áfíríkà kọjá kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bi àwọn ìyá tó ń dúró de ọmọ lẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́ bóyá wọ́n mọ àlọ́ ìwò tó ń kọrin nínú ẹrẹ̀, kí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù.